Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Ọjọ́ Ìgbélùú Pé fún Ìwé Ọmọ Onílùú Nígbà Tí Iṣẹ́ Bá Gbé Yín Padà Wá sí Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó ti gba gíríìn káàdì Amẹ́ríkà, tàbí PR (ìwé ìgbélùú gbére) Kánádà, tàbí ẹ̀tọ́ ìgbélùú gbére ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni iṣẹ́ ń dá padà sílé kí wọ́n tó di ọmọ onílùú níbi tí wọ́n ń gbé. Ilé-iṣẹ́ epo kan ní Houston lè rán ọmọ Ṣàgámù wá sí Èkó fún ọdún kan ààbọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Toronto náà lè rò pé, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ òun kò ti so mọ́ ọ́fíìsì, òun lè jókòó sílé bàbá òun, kí owó oṣù máa wọlé láti Kánádà, kí ọjọ́ ìgbélùú sì máa pé lọ. Ẹni àkọ́kọ́ lè rí ọ̀nà àbáyọ bó bá tètè gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ. Ẹnì kejì kò lè rí i, nítorí pé ọjọ́ tó ń lò nílé kò ní í wọ inú ìṣirò rẹ̀ títí láé.

Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà nìkan ni mo mú nínú ìtọ́sọ́nà yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa pọ̀ sí jù. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ náà ni pé ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì: kí ẹ tó fi owó sórí fọ́ọ̀mù kankan, ẹ yẹ ojúlé ìjọba ìlú náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ lè rí i bóyá òfin ti yí padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ya ìṣirò káàdì sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣirò ìwé ọmọ onílùú

Ìṣirò méjì ló wà, àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ló sì ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Ọ̀kan ni èyí tí kì í jẹ́ kí káàdì bọ́ lọ́wọ́ yín. Èkejì ni èyí tí yóò sọ yín di ọmọ onílùú. Òfin tó gbé wọn kalẹ̀ yàtọ̀, iye ọjọ́ wọn yàtọ̀, ohun tí wọ́n sì ń gbójú fò yàtọ̀.

Kánádà ló fi èyí hàn jù. Ẹni tó ní PR gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ 730 láàárín ọdún márùn-ún kí PR náà má baà bọ́. Òfin gbà pé bí ilé-iṣẹ́ Kánádà bá rán an lọ ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, tó sì jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ tó ń gba gbogbo àkókò rẹ̀, àwọn ọjọ́ náà wà lára 730 yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìwé ọmọ onílùú, tó jẹ́ ọjọ́ 1,095 láàárín ọdún márùn-ún, wọn kò ní í ka ẹyọ kan nínú àwọn ọjọ́ iṣẹ́ òkè òkun yẹn, àfi fún òṣìṣẹ́ ìjọba Kánádà tí ìjọba rán jáde, àti ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ tó bá a lọ. Ènìyàn lè tipa bẹ́ẹ̀ lo ọdún mẹ́rin ní Èkó lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Toronto, kí PR rẹ̀ wà digbí, kó má sì tíì sún mọ́ ìwé ọmọ onílùú rárá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ ìgbélùú gbére kì í bọ́ àfi bí ẹni tó ni í bá wà lẹ́yìn odi fún ohun tó ju ọdún méjì lọ láìpadà. Ẹni tó bá lo ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá ní Ìpẹru, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 450 tí òfin fi sílẹ̀ fún ìwé ọmọ onílùú ti tán tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ìwé re-entry permit (ìwé àṣẹ ìpadàwọlé) tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ọkàn tán máa ń dáàbò bo gíríìn káàdì fún ọdún méjì. Kò dáàbò bo ìṣirò ìwé ọmọ onílùú fún ọjọ́ kan péré.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan nínú regbérégbé yín pé, “Ṣé mo lè wà nílé fún ọdún kan?”, ẹ kọ́kọ́ sọ ìṣirò tí ẹ ní lọ́kàn fún un. “Bẹ́ẹ̀ ni” tí yóò sọ fún ọ̀kan lè jẹ́ “rárá” fún èkejì, òun fúnra rẹ̀ sì lè má mọ̀ pé méjì ni wọ́n.

Ohun kan tún wà tó kan orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìṣirò ìwé ọmọ onílùú, ibi tí owó oṣù ti ń wá kọ́ ni wọ́n ń wò. Ibi tí ẹsẹ̀ yín wà ni wọ́n ń wò. Ẹni tó wà ní Calgary tó ń ṣiṣẹ́ fún báńkì kan ní Èkó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ rẹ̀ ń pé. Ẹni tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún báńkì kan ní Calgary, ọjọ́ rẹ̀ kò pé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ gbogbo ìrìn àjò yín sílẹ̀ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn

Ẹ ra ìwé kan, tàbí kí ẹ ṣí ojú ewé kan sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ kúrò, ọjọ́ tí ẹ padà dé, ìlú tí ẹ lọ, ohun tí ẹ bá lọ, àti ẹ̀rí tí ẹ ní lọ́wọ́. Ìlà kan lè rí báyìí: “Mo kúrò ní Houston ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án 2022, mo padà dé Houston ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ 2023, Èkó ni mo lọ, ilé-iṣẹ́ ló rán mi, òǹtẹ̀ wà ní ojú ewé 14 nínú pásípọ́ọ̀tù àtijọ́, tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú ímeèlì.” Ẹ fi orúkọ oṣù kọ ọ́, ẹ má fi nọ́ńbà nìkan kọ ọ́, nítorí pé oṣù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ṣáájú ọjọ́. Ohun tí ẹ kọ sí 5/9 gẹ́gẹ́ bí oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ni òṣìṣẹ́ wọn yóò kà á sí, àwọn ọjọ́ inú fọ́ọ̀mù yín yóò sì máa tako òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù yín.

Nínú ìṣirò ìwé ọmọ onílùú ní orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ tí ẹ gbéra àti ọjọ́ tí ẹ padà wọlé kì í ṣe ọjọ́ àìsí-nílé. Àwọn ọjọ́ tí ẹ kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wọn rárá nìkan ni àìsí-nílé. Bí a bá fi èyí wo ìrìn àjò tó wà lókè yẹn, láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 2022 títí dé ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ 2023 ni a ó kà, ó sì jẹ́ ọjọ́ 348.

Òǹtẹ̀ Nàìjíríà wúlò ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í tẹ òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù ẹni tó ń jáde, nítorí náà òǹtẹ̀ ìwọlé àti òǹtẹ̀ ìjáde tí wọ́n tẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà lè jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára jù tí ẹ ní. Bí yíǹkì rẹ̀ bá ṣàn, tàbí tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lé òmíràn lórí débi tí ọjọ́ rẹ̀ kò ṣeé kà, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ òṣìṣẹ́ náà pé kó tún un tẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ya á ní àwòrán lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe ju pásípọ́ọ̀tù tó ti kú nù, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ sínú àpótí ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tí ẹ̀yin wà ní Manchester.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ okùn, ẹ sì ṣọ́ ọjọ́

Òfin Amẹ́ríkà béèrè ohun méjì pa pọ̀, ọ̀kan kò sì lè rọ́pò èkejì. Èkíní ni pé kí ẹ ti fi ibẹ̀ ṣe ilé fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ẹ gba gíríìn káàdì, láìjẹ́ pé okùn ìgbélùú yín já. Èkejì ni pé kí ẹsẹ̀ yín ti wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún oṣù 30 nínú ọdún márùn-ún náà, èyí tí USCIS, àjọ ìwọ̀lú Amẹ́ríkà, ń kà sí ọjọ́ 913. Fún ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ tàbí ìyàwó tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta àti oṣù 18 ni. Ó tún yẹ kí ẹ ti gbé fún oṣù mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ tí ẹ ó ti fi fọ́ọ̀mù N-400 (fọ́ọ̀mù ìbéèrè ìwé ọmọ onílùú) sílẹ̀, ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti iṣẹ́ òkè òkun sábà máa ń gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin ọmọ Ṣàgámù kan ṣe àpẹẹrẹ, tó gba gíríìn káàdì ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2021. Ọdún márùn-ún rẹ̀ pé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2026, òfin sì gbà á láyè láti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní ọjọ́ 90 ṣáájú, ìyẹn ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2025. Ká ní òun ló lọ ìrìn àjò ọjọ́ 348 yẹn, tí kò sì sí òmíràn, iye ọjọ́ kò ní í jẹ́ ìṣòro rẹ̀, nítorí ó ju 913 lọ fíìfíì. Okùn ni ìṣòro rẹ̀. Ìrìn àjò kan ṣoṣo tó bá ju oṣù mẹ́fà lọ, tí wọ́n ń kà sí ọjọ́ 180, tí kò sì tó ọdún kan, máa ń jẹ́ kí wọ́n gbà pé okùn ti já, àfi bí ẹ bá fi ẹ̀rí hàn pé kò já. Ẹ̀rí tí wọ́n ń wá ni pé ẹ kò fi iṣẹ́ yín ní Amẹ́ríkà sílẹ̀, ẹ kò sì lọ gba iṣẹ́ mìíràn níbi tí ẹ lọ. Pé ìyàwó tàbí ọkọ àti àwọn ọmọ yín dúró síbẹ̀. Àti pé ilé yín níbẹ̀ ṣì wà tí ẹ lè wọ̀ nígbàkígbà. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ Houston rán wá sí Èkó, tó fi ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé tó ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, ní ohun tó lè gbé kalẹ̀. Ẹni tó kó ìyàwó àti ọmọ dání, tó fi ilé náà fún ẹlòmíràn láti gbé, yóò ṣòro fún un gidigidi.

Ká wá ní kò padà dé títí di ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 2023. Ìyẹn ti kọjá ọdún kan, okùn ti já pátápátá, ẹ̀rí ilé àti ìdílé kò sì lè so ó mọ́. Yóò dúró fún ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan lẹ́yìn tó padà dé, ìyẹn ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 2027, kó tó lè fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, ìparí ìrìn àjò yẹn ṣì wà nínú ọdún márùn-ún tí wọ́n ń wò, ó sì ju oṣù mẹ́fà lọ, nítorí náà wọ́n ṣì lè béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ àríyànjiyàn á fi oṣù mẹ́fà kún ọdún mẹ́rin náà, èmi náà á sì gba ẹnikẹ́ni tí kò bá kánjú nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù N-470 ni ohun tí ì bá gbà á sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ sí i fún, okùn rẹ̀ kò ní í já bó tilẹ̀ wà lẹ́yìn odi ju ọdún kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn agbanisíṣẹ́ tí òfin dárúkọ kò pọ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé ìwádìí Amẹ́ríkà tí ìjọba mọ̀, àti ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń bá òkè òkun ṣòwò, tàbí ẹ̀ka rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni ju ìdajì ìpín ìdókòwò rẹ̀ lọ. Àjọ àgbáyé tí Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀ nípa àdéhùn tàbí òfin náà wà níbẹ̀, bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ gba gíríìn káàdì ni ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ti Nàìjíríà kò sí nínú wọn, kódà kó jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà.

Kí ẹ tó lè béèrè N-470, ẹ gbọ́dọ̀ ti lo ọdún kan gbáko lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́yìn gíríìn káàdì láìjáde rárá. Ẹni tó fò wá sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jó wọ Ojúde Ọba nínú oṣù kẹjọ lẹ́yìn tó gba káàdì ti ba ọdún náà jẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ọjọ́ tó padà. Bí ẹ bá mọ̀ pé iṣẹ́ yín jẹ́ irú èyí tó lè gbé yín jáde, ẹ fara da ọdún àkọ́kọ́ yẹn, kí aṣọ ẹgbẹ́ ṣì dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ẹ sì gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn odi. Ó sàn kó jẹ́ kí ẹ tó gbéra.

N-470 kò dín ọjọ́ 913 kù, àfi fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà. Bí iṣẹ́ náà yóò bá gba ju ọdún méjì ààbọ̀ lọ nínú ọdún márùn-ún, okùn lè wà láìjá kí ọjọ́ má sì pé. Kò sì rọ́pò re-entry permit. Ẹ nílò àwọn méjèèjì, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀mù I-131 fún re-entry permit sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ àwọn òjíṣẹ́ ìjọ yàtọ̀: pásítọ̀, àlùfáà, ajíhìnrere tàbí obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tí ìjọ tó fìdí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà rán wá ṣiṣẹ́ ìsìn ní Rẹ́mọ lè fi N-470 jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ níhìn-ín wà lára okùn àti lára ọjọ́ pẹ̀lú, òun sì lè fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ kódà lẹ́yìn tó ti padà, bó bá ti ní ọdún kan gbáko yẹn. Bákan náà, bó bá jẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó yín tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ni irú agbanisíṣẹ́ báyìí rán jáde fún ọdún kan ó kéré tán, ẹ bi agbẹjọ́rò nípa abala 319(b) nínú òfin ìwọ̀lú wọn. Abala náà lè mú ìṣirò ọdún kúrò lọ́rùn yín pátápátá.

Ẹ má ṣe fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìlà ọjọ́ 180. Àwọn ìrìn àjò tó máa ń kọjá rẹ̀ kì í sábà jẹ́ èyí tí ènìyàn pète. Iṣẹ́ oṣù márùn-ún ààbọ̀ parí ní Èkó, ẹ ya ilé láti kí ìyá yín, ìyá sì ní, “Ọmọ mi, ṣebí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù ká ṣe òkú bàbá àgbà rẹ, kí lo tún ń sáré lọ ṣe?” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn lè jẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ USCIS yóò fi wákàtí kan bi yín léèrè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ó sàn kí ẹ padà sí Houston, kí ẹ tún wọkọ̀ wá síbi òkú náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ yan ọjọ́ tí ẹ ó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀

Nínú ọdún márùn-ún ṣáájú fọ́ọ̀mù, ẹ kò gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́yìn odi ju ọjọ́ 450 lọ, èyí tó wà nínú oṣù méjìlá tó gbẹ̀yìn kò sì gbọ́dọ̀ ju 90 lọ. Fún ẹni tó fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta ni, ọjọ́ 270, àti 90 kan náà. Ẹni tí kò fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ti ní ẹ̀tọ́ ìgbélùú gbére fún ọdún kan. Wọ́n tún ń wò ó bóyá ẹ wà lórí ilẹ̀ wọn lọ́jọ́ tí ọdún márùn-ún náà bẹ̀rẹ̀: ẹni tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ dé ọwọ́ wọn ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 2026 ní láti ti wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà 2021.

Ohun tó dára nínú ti wọn ni pé ẹ̀yin lẹ ń yan ọjọ́. Ẹ wo obìnrin ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan tí ilé-iṣẹ́ aṣírò-owó ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń rán wá yẹ ìwé owó àwọn oníbàárà wò ní Èkó. Láti ọdún kìíní dé ìkarùn-ún, ó lo ọjọ́ 60, 110, 120, 95 àti 40 lẹ́yìn odi. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 425, ti ọdún tó gbẹ̀yìn jẹ́ 40, kò sì sí wàhálà. Ká ní ọdún tó gbẹ̀yìn ló ní 95 ni, kó kàn dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrìn kí àwọn ọjọ́ tó pẹ́ jù nínú oṣù méjìlá náà bọ́ kúrò, ìṣirò á sì wọlẹ̀. Bó bá rí i pé òun wà nílé fún ìsìnkú lọ́jọ́ tí ọdún márùn-ún bẹ̀rẹ̀, kó sún fọ́ọ̀mù náà síwájú títí yóò fi bọ́ sí ọjọ́ tó ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

Àwa ará Ìjẹ̀bú tún ní ọ̀ràn tiwa. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó, nítorí náà Ojúde Ọba méjì lè bọ́ sínú oṣù méjìlá kan ṣoṣo. Ẹni tó ti fi ọjọ́ 70 ṣe iṣẹ́ ní Èkó, tó rò pé ẹ̀ẹ̀kan lòun wá sí Ojúde Ọba lọ́dún náà, lè rí i pé méjì ni wọ́n yóò kà, kó sì kọjá 90.

Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń yẹ fọ́ọ̀mù náà wò, ní àyè àánú díẹ̀. Wọ́n sábà máa ń gbójú fo àìsí-nílé tí kò bá ju 480 lọ ní ọdún márùn-ún, tàbí 100 ní oṣù méjìlá tó gbẹ̀yìn. Láti 480 dé 900, wọ́n lè gbà bí ilé, ìdílé àti dúkìá yín tó pọ̀ jù bá wà lọ́dọ̀ wọn, tí ẹ sì ti gbé ibẹ̀ pẹ́ ju ọdún márùn-ún lọ, tàbí tó jẹ́ pé iṣẹ́ yín ni kò jẹ́ kí ẹ lè ṣe é bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, bí atukọ̀ òkun tàbí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé ṣe láìrìn. Àánú ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Owó fọ́ọ̀mù sì wúwo, nítorí náà ẹni tó bá lè dúró kí ọjọ́ rẹ̀ wọlẹ̀, kó dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bó bá jẹ́ Kánádà, ẹ ka ọjọ́ 1,095, kí ẹ sì fi èlé sí i

Ti Kánádà rọrùn láti kà, bó tilẹ̀ ṣòro láti fara dà. Ọjọ́ 1,095 lórí ilẹ̀ wọn láàárín ọdún márùn-ún ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ tí ẹ lò gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ kí PR tó jáde, ìdajì ọjọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 365 lọ. Ẹni tó kàwé jáde ní Àgọ́-Ìwòyè, tó lọ gba oyè kejì ní Winnipeg, tó lo ọjọ́ 730 níbẹ̀ kó tó gba PR, ní 365 lọ́wọ́. 730 ló kù fún un lẹ́yìn PR, bí àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ náà kò bá tíì bọ́ kúrò nínú ọdún márùn-ún. Ẹ lo ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lójúlé IRCC (àjọ ìwọ̀lú Kánádà), kí ẹ sì ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lé sí i, nítorí pé ìrìn àjò kan tí ẹ gbàgbé lè jẹ́ kí ọjọ́ kan péré dín. Wọ́n tún ń wò ó bóyá ẹ fi ìwé owó orí sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta nínú márùn-ún náà, bí òfin bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹni tí ilé-iṣẹ́ Kánádà rán jáde tó fẹ́ kí PR rẹ̀ wà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n rán gan-an, lábẹ́ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n yín forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Toronto kí ẹ lè máa fi í gbé Ìlíṣàn kò wúlò. Òfin wọn sọ gbangba pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní pàtàkì nítorí ọjọ́ ìgbélùú kò wọ inú ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kí ẹ tó gbéra

Ẹ má ṣe dúró títí ọ̀gá tó mọ̀ yín yóò fi kúrò nílé-iṣẹ́ náà. Lẹ́tà tó dára máa ń sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ipò yín, ìdí tí wọ́n fi rán yín, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n retí pé kó parí, pé ilé-iṣẹ́ náà ló ṣì ń san owó oṣù yín, àti pé ipò ń dúró dè yín nígbà tí ẹ bá padà. Fún N-470, kó tún sọ irú ilé-iṣẹ́ tó jẹ́, ẹni tó ni ìpín rẹ̀, àti bí iṣẹ́ yín ṣe kan òwò Amẹ́ríkà pẹ̀lú òkè òkun. “Ó ń ṣiṣẹ́ fún wa, èèyàn dáadáa ni” kò lè gbé nǹkan kan. Bí iṣẹ́ bá sún síwájú, ẹ gba òmíràn tó sọ ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó orí tako ohun tí ẹ ń sọ

Ẹni tó ní gíríìn káàdì ń san owó orí Amẹ́ríkà lórí owó tó ń wọlé fún un níbikíbi láyé. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ kọ ara yín sí ẹni tí kì í gbé Amẹ́ríkà kí owó orí lè fúyẹ́, ẹ mọ̀ pé ìwé náà ni òṣìṣẹ́ USCIS yóò ṣí síwájú yín: ẹ sọ fún ọ́fíìsì kan pé ẹ kò gbé ibẹ̀, ẹ wá sọ fún èkejì pé okùn yín kò já. Kíkọ́ ilé sí Òdogbolú kò ba nǹkan kan jẹ́, ta ni kò mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ń kọ́lé sílé. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ilé Òdogbolú jẹ́ ilé kan ṣoṣo tí ẹ ní.

Ní ti Nàìjíríà, kò sí ìbẹ̀rù. Abala 28 nínú ìwé òfin ọdún 1999 kò gba ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tí a bí sí i nítorí pé ó di ọmọ ìlú mìíràn, orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì gbà kí ènìyàn ní méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù bá ti wọlé

Iṣẹ́ kò tíì tán lọ́jọ́ tí ẹ san owó. Ní Amẹ́ríkà, iye ọjọ́ ni wọ́n ń kà dé ọjọ́ fọ́ọ̀mù. Okùn gbọ́dọ̀ wà títí dé ọjọ́ ìbúra, nítorí náà ìrìn àjò oṣù méje láàárín méjèèjì lè dá ohun gbogbo padà sẹ́yìn. Ní Kánádà, ẹ lè rìn, ṣùgbọ́n ìdánwò àti ìbúra yóò pè yín padà nígbà tí ẹ kò retí, PR yín sì gbọ́dọ̀ ṣì wà lọ́jọ́ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́ta ni ẹ ní láti ṣe ayẹyẹ ìbúra lẹ́yìn tí wọ́n bá fi lẹ́tà pè yín. Bí ọ̀gá bá gbé iṣẹ́ Èkó tuntun kalẹ̀ ní àkókò yìí, ẹ sọ fún un lákọsílẹ̀ pé ẹ ń retí ọjọ́ ìbúra, kí ẹ sì ní kó fi ẹlòmíràn ránṣẹ́ tàbí kó gé ìrìn àjò náà sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.